Bí A Ṣe Ń Yan Ẹni Tó Máa Gba Òwò Ìdílé, àti Bí A Ṣe Ń Múra Rẹ̀ Sílẹ̀

Mo wà nílé ìtẹ̀wé kékeré kan lọ́jọ́ kan tí oníbàárà kan wọlé. Ó fẹ́ tẹ ìwé ìkéde ẹgbẹ̀rún kan. Ọmọbìnrin ẹni tó ni ibẹ̀ ló jókòó sídìí tábìlì. Ó bi oníbàárà ní irú bébà tó fẹ́, ó bi í ní iye àwọ̀, ó ṣírò rẹ̀ sórí ìwé, ó sì dá iye lé e. Oníbàárà kò dá a lóhùn. Bàbá tó ń tún ẹ̀rọ ṣe ní kọ̀rọ̀ ló yíjú sí, ó ní, "Bàbá, ṣé bẹ́ẹ̀ náà ni?" Bàbá rẹ́rìn-ín, kò wo ìwé tí ọmọ rẹ̀ kọ, ó sì yọ ìdá kan nínú márùn-ún kúrò nínú owó náà. Oníbàárà sanwó, ó dúpẹ́, ó lọ. Ọmọ náà rún ìwé ìṣírò rẹ̀ mọ́wọ́, ó jù ú sínú agbọ̀n ìdọ̀tí.

Lẹ́yìn ọdún méjì, bàbá yìí kan náà sọ fún mi pé ọmọ òun kò tíì tó ẹni tí òun lè fi iṣẹ́ lé lọ́wọ́, pé àwọn oníbàárà kì í kà á sí. Ọkàn mi lọ sí ìwé tó rún yẹn.

Èmi ni mo máa ń bá àwọn ilé òwò kéékèèké ṣe ìṣírò owó wọn, mo sì ti rí òwò ìdílé tó kú lójú mi. Àìsí ọmọ tó gbọ́n kọ́ ló pa èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Ẹni tó dá òwò sílẹ̀ ló di gbogbo ìpinnu mú ṣinṣin títí àìsàn tàbí ikú fi já a gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Orúkọ ẹni tó máa gba òwò, ìdílé lè fẹnu kò lé e lórí nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Fífi ìpinnu lé e lọ́wọ́ ló ń gba ọdún, márùn-ún ó kéré tán, òun ló sì gba ibi tó pọ̀ jù nínú ìtọ́sọ́nà yìí.

1. Ìwé ojú-ewé kan fún ọjọ́ òjijì

Kí ẹ tó ro ti ọdún mẹ́wàá sí i, ẹ ro ti ọ̀la. Bí wọ́n bá gbé yín dé ilé ìwòsàn lálẹ́ òní, ta ló máa ṣílẹ̀kùn láàárọ̀? Ta ló mọ iye tí òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ń gbà lóṣù? Ta tún ni báńkì máa gba ìbuwọ́lùwé rẹ̀ yàtọ̀ sí tiyín? Ibo ni ìwé ilé, ìwé ìforúkọsílẹ̀ àti ìwé owó orí wà? Ta ló jẹ yín lówó, ta lẹ jẹ?

Ẹ kọ ìdáhùn sórí ojú-ewé kan, ẹ jẹ́ kí ẹni méjì mọ ibi tó wà, kí ẹ sì máa tún un kọ lóṣù mẹ́fà mẹ́fà. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé fóònù àti kọ̀ǹpútà iṣẹ́ sórí ìwé mìíràn, kí ẹ tì í mọ́ ibi tó láàbò.

Àwọn kan kì í fẹ́ gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí nítorí pé ó jọ ẹni tó ń fọwọ́ ara rẹ̀ fa ikú. Mo mọ̀ ọ́n lára. Bó bá rí bẹ́ẹ̀ nílé yín, ẹ má fi ọ̀rọ̀ ikú bẹ̀rẹ̀, ẹ fi ìrìn àjò bẹ̀rẹ̀: "Bí mo bá rìnrìn àjò oṣù kan, kí lẹ máa nílò lọ́wọ́ mi?" Ìbéèrè kan náà ni, ṣùgbọ́n kò ba ẹnikẹ́ni lẹ́rù.

2. Ìyíká mẹ́ta lórí bébà

Lọ́dún 1978, Renato Tagiuri àti John Davis, tí wọ́n wà ní yunifásítì Harvard ní Amẹ́ríkà, ya àwòrán kan tí àwọn tó ń gba ìdílé olówò nímọ̀ràn ṣì ń lò dòní. Ìyíká mẹ́ta tó wọnú ara wọn ni: ìdílé, àwọn tó ni òwò, àti àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀. Bí wọ́n ṣe wọnú ara wọn mú kí ojú mẹ́je wà nínú àwòrán náà.

Ẹ ya á. Ẹ wá kọ orúkọ gbogbo ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn sí ojú tí kálukú wà. Ẹ̀gbọ́n yín tó fún yín ní ojú owó nígbà tẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀, tí kò ṣiṣẹ́ níbẹ̀ rí, wà nínú ìdílé àti nínú àwọn tó ni òwò. Aya tàbí ọkọ tó ti ń kọ ìwé owó láti ọdún gbọ́nhan láìgba kọ́bọ̀ wà nínú ìdílé àti iṣẹ́, síbẹ̀ orúkọ rẹ̀ lè má sí lórí ìwé kankan. Òṣìṣẹ́ tó ti lo ọdún méjìdínlógún wà nínú iṣẹ́ nìkan, àmọ́ ó lè mọ inú òwò náà ju gbogbo àwọn ọmọ yín lọ.

Àwòrán yìí máa fi ohun kan hàn tó yẹ kó yé gbogbo ilé: ẹni tó jogún òwò àti ẹni tó ń darí òwò lè má jẹ́ ẹnì kan náà. Ọmọ mẹ́rin lè ní ìpín, kí ọ̀kan ṣoṣo máa darí. Wọ́n sì lè jẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ni í, kí ó jẹ́ àna tàbí òṣìṣẹ́ àtijọ́ ló ń darí. Bí ẹ bá ti ya méjèèjì sọ́tọ̀, ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ tó le máa ń rọ̀.

3. Ṣé òwò náà ṣe é fi sílẹ̀ fún ọmọ?

Àwọn ènìyàn máa ń fo ìgbésẹ̀ yìí. Ẹ wo èrè òwò yín lóṣù, ẹ wá yọ owó oṣù tẹ́ ẹ máa san fún àlejò tó bá wá ṣe iṣẹ́ yín kúrò nínú rẹ̀. Ẹ yọ ti aya tàbí ọmọ tó ń ṣiṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ pẹ̀lú. Bí èrè bá jẹ́ 100, tí àlejò yóò gba 70, tí ẹni tó ń kọ ìwé owó yóò gba 25, márùn-ún péré ni òwò náà ń mú wá ní tòótọ́. Iṣẹ́ oṣù lẹ fẹ́ fi sílẹ̀ fún ọmọ yìí, pẹ̀lú gbèsè àti wàhálà tó rọ̀ mọ́ ọn.

Kì í ṣe ìtìjú. Ó kàn túmọ̀ sí pé ẹ gbọ́dọ̀ tún òwò náà ṣe kí ẹ tó fà á lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, tàbí kí ẹ múra àtità á, tàbí kí ẹ parí rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀yẹ. Mo ti rí ọmọ tó fi iṣẹ́ tó dáa sílẹ̀ torí òwò bàbá rẹ̀, tí kò sì sí ẹni tó fi ìṣírò yìí hàn án ṣáájú. Ó dùn mí títí di òní.

4. Ẹ kó iṣẹ́ jáde látinú orí yín

Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ẹ mú ìwé kékeré kan dání. Gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá pinnu nǹkan, ẹ kọ ọ́: mo dín owó kù fún lágbájá, mo dá ọjà padà, mo ta àwìn, mo ní kí òṣìṣẹ́ máa lọ sílé, mo sún owó ẹni tá a jẹ síwájú. Ẹ kọ ìdí rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Nígbà tí oṣù bá fi parí, iṣẹ́ yín gan-an lẹ máa rí lórí ìwé yẹn.

Obìnrin kan tó ń ta ohun èlò fún àwọn aránṣọ ní ìwé àwìn kan. Ó máa ń fa ìlà sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ oníbàárà. Ìlà kan túmọ̀ sí pé onítọ̀hún máa ń sanwó níparí oṣù. Ìlà méjì: yóò san, ṣùgbọ́n ó máa pẹ́, má sì pariwo mọ́ ọn. Ìlà mẹ́ta: má ta àwìn fún un mọ́ láé. Nígbà tí àìsàn dá a dúbúlẹ̀, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin bọ́ sí ìdí iṣẹ́. Ó ṣí ìwé, ó rí ìlà, ó sì rò pé iye ìgbà tí wọ́n ti sanwó ni. Àwọn onílà mẹ́ta ló kọ́kọ́ gbẹ́rù fún. Kí ìyá tó gbádùn, ojú owó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ọmọ náà kò ya ọ̀lẹ, kò sì jalè. Ó kan ka ìwé tí ẹnì kan ṣoṣo láyé lè kà.

5. Yíyàn

Ẹ kọ́kọ́ bi ọmọ bóyá ó fẹ́. Ẹ bi í ní ìkọ̀kọ̀, kí ẹ jẹ́ kó dá a lójú pé "rárá" kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, kí ẹ sì fún un lóṣù mẹ́ta láti ronú. Ọmọ tó bá gbà nítorí ìtìjú yóò máa wá sẹ́nu iṣẹ́, ọkàn rẹ̀ yóò sì wà níbòmíràn.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo ìwà ju ìwé ẹ̀rí lọ. Ohun mẹ́ta ni mo máa ń sọ pé kí wọ́n wò. Bó bá ní ìròyìn burúkú, ṣé ó máa ń tètè wá sọ, àbí ó máa ń fi pamọ́ títí yóò fi rà? Owó tí kì í ṣe tirẹ̀, báwo ló ṣe ń ṣe ìṣírò rẹ̀? Àwọn òṣìṣẹ́ tó jù ú lọ, ṣé wọ́n máa ń lọ bi í ní nǹkan nígbà tí ẹ kò sí nílé? Èyí tó kẹ́yìn yìí ni mo gbọ́kàn lé jù, torí pé kò sẹ́ni tó lè bẹ òṣìṣẹ́ kó máa bi ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ní ìbéèrè.

Àkọ́bí kì í ṣe ẹ̀bùn ìdarí, bẹ́ẹ̀ ni jíjẹ́ ọkùnrin. Ẹ má sì sé ìlẹ̀kùn mọ́ àna. Osamu Suzuki kì í ṣe ọmọ bíbí ilé tó dá Suzuki, iléeṣẹ́ tó ń ṣe ọkọ̀ àti alùpùpù, sílẹ̀ ní Japan. Ó fẹ́ ọmọ-ọmọ ẹni tó dá a sílẹ̀, wọ́n gbà á ṣọmọ, ó sì gba orúkọ wọn. Ó wọ iléeṣẹ́ náà ní 1958, ó sì di ààrẹ rẹ̀ ní 1978. Ogún ọdún ló fi wà nínú rẹ̀ kí wọ́n tó gbé ipò náà fún un.

Bí ọmọ méjì bá tó gbangba sùn lọ́yẹ́, ẹ má fi wọ́n ṣe ọ̀gá méjì lórí ohun kan náà láìsọ ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ máa borí nígbà tí wọn kò bá gbà fúnra wọn. Adolf àti Rudolf Dassler, ọmọ ìyá kan náà tí wọ́n jọ ń ṣe bàtà ní Jámánì, pínyà ní 1948. Ibẹ̀ ni Adidas àti Puma ti wá. Tiwọn di iléeṣẹ́ ńlá méjì. Òwò kékeré tí wọ́n bá là sí méjì, ìdajì rẹ̀ kì í sábà tó bọ́ ilé kan. Ẹ pín iṣẹ́ fún wọn: kí ọ̀kan mójú tó ọjà àti oníbàárà, kí èkejì mójú tó owó àti òṣìṣẹ́, kí ẹ sì kọ orúkọ ẹni kẹta tó máa dájọ́ bí wọ́n bá takú.

Bí kò bá sí ọmọ tó fẹ́, òṣìṣẹ́ wà, títà sì wà. Ẹ lè ta òwò fún àwọn òṣìṣẹ́ yín díẹ̀díẹ̀, kí wọ́n máa fi èrè san án.

6. Fífi ìpinnu lé e lọ́wọ́

Bí ọjọ́ orí bá gbà, ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ ọdún méjì tàbí mẹ́ta lọ́dọ̀ ẹlòmíràn, níbi tí wọn kò ti mọ̀ ọ́n sí ọmọ ẹnikẹ́ni. Níbẹ̀ ló ti máa mọ bí wọ́n ṣe ń bá ọ̀gá tí kì í ṣe òbí sọ̀rọ̀, yóò sì mọ iye tí ọwọ́ òun tó lọ́jà. Nígbà tó bá dé, ẹ fún un ní iṣẹ́ tó ní orúkọ, àti owó oṣù tó bá iṣẹ́ náà mu. Ẹni tí ẹ kò bá sanwó fún, ẹ kò lè bi í bó ṣe ṣe é, òun náà kò sì ní lè sọ bó ṣe rẹ̀ ẹ́.

Ẹ wá mú ìwé ìpinnu ọ̀sẹ̀ mẹ́rin yẹn jáde, kí ẹ kọ nọ́ńbà kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìpinnu kọ̀ọ̀kan:

1: Máa wò mí bí mo ṣe ń ṣe é, kí o sì bi mí nídìí.
2: Sọ ohun tí o rò pé ó yẹ, èmi á pinnu.
3: Ìwọ pinnu, kí o sọ fún mi lẹ́yìn náà.
4: Ìwọ pinnu, mi ò fẹ́ gbọ́.

Ẹ kọ ọjọ́ tí ìpinnu náà máa kúrò ní nọ́ńbà kan bọ́ sí èkejì. Rírà ọjà kéékèèké lè tètè dé 4. Gbígba òṣìṣẹ́ lè pẹ́ ní 2. Yíyá owó ní báńkì lè gba ọdún mẹ́ta kó tó kúrò ní 1. Bí ọjọ́ bá pé, kí ẹ sì jẹ́ kó lọ. Ọ̀pọ̀ òbí máa ń kọ 3 sórí ìwé, kí wọ́n tún máa ṣe 2 lẹ́nu iṣẹ́, ọmọ sì máa ń mọ̀.

Ọmọ yìí máa ṣàṣìṣe. Ẹ dá iye tí àṣìṣe lè jẹ láìba òwò jẹ́, bí àpẹẹrẹ èrè ọ̀sẹ̀ kan. Ohun tí kò bá kọjá iye yẹn, ẹ má dá sí i, bí ẹ bá tilẹ̀ rí i tó ń bọ̀ láti òkèèrè. Ó máa ń nira. Mo ti rí ìyá tó jáde lọ dúró síta kí ẹnu rẹ̀ má baà yọ̀, mo sì kà á sí ọ̀kan nínú ohun tó dára jù tó ṣe fún òwò rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká padà sílé ìtẹ̀wé. Nígbà tí oníbàárà bi bàbá pé "ṣé bẹ́ẹ̀ náà ni?", gbólóhùn kan ló yẹ kó sọ: "Òun lẹ máa bá sọ ọ́." Bí iye náà bá pọ̀ jù lójú rẹ̀, kó dúró dìgbà tí wọ́n bá tilẹ̀kùn lálẹ́, kó ní kí ọmọ fi ìṣírò náà han òun. Ó lè jẹ́ ọmọ ló ka bébà tó máa bàjẹ́ mọ́ ọn, tí bàbá ti gbàgbé rẹ̀ láti ọdún yìí wá. Bíbá arọ́pò wí níṣojú oníbàárà tàbí òṣìṣẹ́ máa ń gba ọ̀pọ̀ oṣù iṣẹ́ padà lọ́wọ́ rẹ̀.

Àwọn tó ń kó ọjà fún yín ńkọ́? Ìgbẹ́kẹ̀lé wọn kì í ṣe nǹkan tí a ń fi lẹ́tà gbé. Ẹ jọ lọ lẹ́ẹ̀mẹta. Nígbà àkọ́kọ́, ẹ̀yin lẹ máa sọ̀rọ̀. Nígbà kejì, ẹ jọ sọ ọ́. Nígbà kẹta, ẹ jókòó, ẹ má sọ nǹkan kan ju ìkíni lọ.

Ẹ sì fi gbèsè hàn án. Gbogbo rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló ń fi ìwé èrè han ọmọ, tí wọ́n sì ń fi ìwé gbèsè sábẹ́ ìrọ̀rí.

7. Àwọn tí ẹ kò yàn, àti oúnjẹ tiyín

Ẹ pe gbogbo ọmọ jọ, kí ẹ̀yin fúnra yín sọ ẹni tẹ́ ẹ yàn àti ìdí rẹ̀ nígbà tí ẹ wà láàyè. Dhirubhai Ambani, gbajúgbajà olówò ilẹ̀ Íńdíà, kú ní 2002 láìkọ ìwé ìhágún. Ìjà àwọn ọmọ rẹ̀ méjì, Mukesh àti Anil, kò rọlẹ̀ títí wọ́n fi pín òwò náà ní 2005. Ìyá wọn ló là wọ́n.

Ẹ jẹ́ kí ẹni tí kò jẹ́ ará ilé ṣírò iye tí òwò náà tó. Ọmọ tó máa darí lè gba òwò, kí àwọn yòókù gba ilé tàbí ilẹ̀, tàbí kí ó máa san owó ìpín wọn fún ọdún mélòó kan. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́ gbọ́dọ̀ gba owó oṣù kí wọ́n tó pín èrè. Bí wọ́n bá pín ohun gbogbo ní dọ́gba-n-dọ́gba, ẹni tó ń làágùn ni wọ́n máa rẹ́ jẹ.

Ẹ̀yin náà ńkọ́? Bí ẹ kò bá ní owó mìíràn tẹ́ ẹ máa jẹ lọ́jọ́ ogbó, ẹ kò ní lè fi òwò sílẹ̀, ohunkóhun tí ì báà wà lórí ìwé. Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú owó ìfẹ̀yìntì lóde òwò báyìí, tàbí kí ẹ kọ iye tí òwò máa san fún yín lóṣù sínú àdéhùn, kí arọ́pò mọ̀ ọ́n ṣáájú.

8. Ìwé òfin

Lọ́dọ̀ agbẹjọ́rò, ẹ bèèrè ìbéèrè kan: bí mo bá kú, kí ni òfin máa ṣe sí òwò yìí? Bó bá jẹ́ ẹ̀yin nìkan lẹ ń dá a ṣe, tí kì í ṣe iléeṣẹ́ tó dá dúró lábẹ́ òfin, òwò àti ẹ̀yin jẹ́ ọ̀kan. Báńkì lè ti owó náà pa títí kóòtù yóò fi fọwọ́ sí ìwé fún àwọn ajogún. Bó bá jẹ́ òwò tí ẹ̀yin àti ẹlòmíràn jọ ń ṣe (àjọṣe) ni, òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ọdún 1890 sọ pé ikú alájọṣe kan máa ń tú u ká, àyàfi bí àdéhùn wọn bá sọ ohun mìíràn. Bó bá jẹ́ iléeṣẹ́ tó ní ìpín, iléeṣẹ́ kò kú, ìpín ló máa bọ́ sọ́wọ́ ajogún.

Ìwé tẹ́ ẹ fi yan ẹni tó lè buwọ́ lùwé fún yín máa ń parí lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá kú, nítorí náà kò lè dípò ìwé ìhágún. Ìwé ìhágún náà kò sì lágbára tó dọ́gba níbi gbogbo. Ní ilẹ̀ Faransé, ẹni tó bí ọmọ mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kò lè fi ju ìdá kan nínú mẹ́rin ohun ìní rẹ̀ ṣe bó ṣe wù ú. Nínú òfin Ìsìláàmù, wàsíyà, ìyẹn ohun tí ẹnì kan sọ pé kí wọ́n fún ẹlòmíràn lẹ́yìn ikú òun, kì í kọjá ìdá kan nínú mẹ́ta, a kì í sì í fi fún ẹni tó ti ní ìpín nínú ogún àfi bí àwọn ajogún yòókù bá gbà.

9. Ẹ lọ, kí ẹ wò ó

Kí ọjọ́ ìfẹ̀yìntì tó pé, ẹ kúrò nílé fún ọjọ́ mẹ́wàá. Ẹ má pè wọ́n. Ẹ sọ fún arọ́pò pé kó kọ gbogbo ohun tó sọ nù, tí kò rí, tàbí tí kò mọ bó ṣe máa ṣe é. Nígbà tẹ́ ẹ bá dé, ẹ má bèèrè iye tí wọ́n tà. Ìwé yẹn ni kí ẹ béèrè. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ẹ lọ fún oṣù kan.

Bàbá onílé ìtẹ̀wé lọ, lẹ́yìn tí mo ti bá a sọ̀rọ̀ títí. Nígbà tó dé, nǹkan mẹ́rin ló wà lórí ìwé ọmọ rẹ̀. Ó ti yanjú mẹ́ta fúnra rẹ̀. Ẹ̀kẹrin ni pé yíǹkì dúdú tán, nọ́ńbà ẹni tó ń kó o wá kò sì sí lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni àfi bàbá. Ó yọ fóònù rẹ̀ lápò, ó ka nọ́ńbà náà fún un, ọmọ sì kọ ọ́ sára ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ.